Wọ́n Ta Luka Lóru: Ta Ló Ni Tíìmù Gan-an?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ lẹ́tà sí mi pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sọ, ó yá, ẹ sún mọ́ ibí. Básíkẹ́ẹ̀tì ni tòní, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ di òwò olówó gọbọi. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé kí ló kan òun níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2025, nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló ń pè. Àyà mi já pàà. Ẹni tó bá ní èèyàn lókè òkun mọ̀ pé ìpè ìdájí kì í sábà mú ire wá. Mo ní, “Kí ló dé? Ta ló kú o?”

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú pé mo jí yín. Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ti ta Luka ni!”

Mo ní, “Luka wo? Ọmọ ta ni? Ta ló tà á?” Àṣé eléré bọ́ọ̀lù ló ń wí! Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó níyàwó, tó bímọ mẹ́ta, ohùn rẹ̀ ń há lórí fóònù nítorí eléré. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Àwa tí a rí ohun tí ojú àwọn ará Ìbàdàn rí ní ọdún 1984, nígbà tí Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́ Shooting Stars lọ́wọ́, a ò lẹ́nu láti fi sọ́pọ́tà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó bá wu ọkàn ẹni ní í pani lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè yé yín.

Luka Dončić, ọmọ ilẹ̀ Slovenia ni, ní Yúróòpù. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó dé Dallas Mavericks ní 2018. Pàṣípààrọ̀ náà ló gbé e débẹ̀, nítorí pé tíìmù Atlanta ló kọ́kọ́ yàn án, lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sì gbé e fún Dallas. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Sáà tó dé yẹn gan-an ni Dirk Nowitzki, ọmọ Jámánì, ń gbá sáà ìkẹyìn rẹ̀. Dirk yìí lo sáà 21 ní Dallas, kò wọ jẹ́sì tíìmù mìíràn rí nínú líìgì NBA, òun ló sì ṣáájú wọn tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ ní 2011. Ère rẹ̀ wà níwájú ibi ìdíje wọn títí dòní. Àwọn ará Dallas wò ó pé bàbá ń lọ, ọmọ ń bọ̀. Wọ́n ní bí Dirk ṣe darúgbó sọ́dọ̀ àwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Luka yóò ṣe darúgbó sọ́dọ̀ àwọn. Ní 2024, Luka gbé wọn dé àṣekágbá. Boston ló borí wọn, 4 sí 1. Wọ́n ní kò burú, ọdún mìíràn ń bọ̀.

Kò tíì pé oṣù mẹ́jọ sí ìgbà náà tí wọ́n fi tà á. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù ní Dallas nígbà tí ìròyìn jáde pé ó ti di ti Los Angeles Lakers. Shams Charania, akọ̀ròyìn tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ jàǹdùkú ló gba ojú ewé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ ìkọkúkọ síbẹ̀. Àṣé òótọ́ ni.

Kí ni Dallas wá gbà? Wọ́n gba Anthony Davis, wọ́n gba Max Christie, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti fi ipò Lakers yan ọ̀dọ́mọdé eléré kan ní ọdún 2029. Àwọn mìíràn tún wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni orí ọ̀rọ̀. Davis kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ o, ògbóǹkangí ni, ó ti gba ife ẹ̀yẹ rí. Àmọ́ ọdún 31 ni, ó fẹ́ pé 32, ara rẹ̀ ò sì yé ṣe é léṣe. Luka ò tíì pé 26. Ẹni tó ń tajà mọ ìyàtọ̀.

Ọkùnrin tó ṣe é ni Nico Harrison, máníjà àgbà wọn láti 2021, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ra eléré àti láti tà á. Ó ní ìdí tí òun fi ṣe é ni pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dènà ọ̀tá ló ń gba ife ẹ̀yẹ, Davis sì mọ̀ ọ́n dènà. Ìròyìn tún ń jáde pé inú wọn ò dùn sí bí Luka ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀. Owó náà wà níbẹ̀ o. Ká ní Luka dúró títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, Dallas lè buwọ́ lu ìwé tuntun fún un, nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 345 fún ọdún márùn-ún. Bí wọ́n ṣe tà á yìí, ẹ̀tọ́ sí owó ńlá yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí òfin líìgì ò jẹ́ kí tíìmù tuntun san irú rẹ̀. Nígbà tó máa buwọ́ lùwé pẹ̀lú Lakers ní oṣù kẹjọ 2025, mílíọ̀nù 165 fún ọdún mẹ́ta ló gbà. Òótọ́ ni pé owó náà tún pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé 69 di 55.

Ẹ dúró ná. Ó lè máa ya àwọn kan lẹ́nu pé báwo ni wọ́n ṣe lè ta èèyàn láìbi í. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kí ẹgbẹ́ méjì fẹnu kò lórí owó ò tó. Eléré fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, kó buwọ́ lùwé. Bó bá ní òun ò lọ, ó parí. Ní NBA, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn eléré ni wọ́n ń gbé láti ọwọ́ ọ̀gá kan sí ọwọ́ ọ̀gá mìíràn, eléré yóò sì tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé okùn. Àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ò pọ̀ rárá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: kí o sùn ní Dallas, kí o jí, kí wọ́n ní Los Angeles ni ibi iṣẹ́ rẹ.

Àwọn sọ́pọ́tà Dallas wá bú jáde. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti ń kó òdòdó lọ sídìí ère Dirk. Àwọn kan gbé pósí òkú wá síwájú ibi ìdíje, wọ́n ní tíìmù àwọn ti kú. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ nílé, orin kan ṣoṣo ló gbòde: “Ẹ lé Nico! Ẹ lé Nico!” Wọ́n lé àwọn kan jáde nínú pápá nítorí rẹ̀ ní oṣù kejì yẹn, ìyẹn wá da epo sí iná. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé kò lè sọ̀rọ̀ ni?

Ó tún wá dà bí ẹni pé ayé bá wọn bínú. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ni Davis kọ́kọ́ jáde fún wọn. Ó ju 26 sáwọ̀n, pápá ń mì tìtì, wọ́n fẹ́ dárí jì. Kí ìdíje yẹn tó parí, iṣan fà á, ó jáde, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá kó tó padà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, Kyrie Irving, èkejì Luka tẹ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ já. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, Luka bọ̀ wá sí Dallas nínú aṣọ Lakers. Wọ́n fi àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn lójú pápá, omijé ń dà lójú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó ni ilé fún gbogbo èrò ní ẹ̀wù kan tí wọ́n kọ “Hvala za vse” sí, èdè Slovenia ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “A dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀.” Luka nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó ju 45 sí wọn láwọ̀n. Lakers borí, 112 sí 97. Ará Dallas ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń nà wọ́n, wọ́n sì ń kọrin lé máníjà tiwọn. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?

Lóṣù kan náà ni Harrison jókòó síwájú àwọn oníròyìn. Ó ní òun mọ̀ pé Luka ṣe pàtàkì sí àwọn èèyàn, àmọ́ òun ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Ọkùnrin yìí lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ilé, kò mọ ohun tí àwọn ará ilé fẹ́ràn. Ó mọ iye tí eléré ń gbà, ó mọ iye ìgbà tó ń sáré, ó mọ bó ṣe ń wọ̀n lórí ìwọ̀n. Ọmọdé tó kọ nọ́ńbà 77 sára ògiri yàrá rẹ̀, ìyẹn ò sí nínú ìwé tirẹ̀.

Ẹ sì wo bí ayé ṣe rí. Oṣù karùn-ún, líìgì ṣẹ́ kèké ẹni tí yóò kọ́kọ́ yan nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ìrètí Dallas. Àwọn ni kèké mú! Wọ́n yan Cooper Flagg, ọmọ ọdún 18 tí gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ̀yin náà á rò pé ìbínú á tán. Rárá o. Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, “Ẹ lé Nico” tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá ìdíje 11, 3 péré ni wọ́n borí. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá 2025, Patrick Dumont tó ń ṣe alákòóso fún àwọn olówó tíìmù lé Harrison lọ, ó sì kọ lẹ́tà sí àwọn sọ́pọ́tà. Wọ́n fi Michael Finley àti Matt Riccardi dípò rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀sán gangan ni. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, a ti lé e!”

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé Luka ti padà?” Ó dákẹ́ lọ gbáà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dá ẹjọ́ yìí láìṣègbè. Ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni í dá a. Ṣé gbogbo ìgbà tí sọ́pọ́tà bá pariwo ni òótọ́ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀? N ò gbà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Toronto, ní Kánádà. Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Zaria, òun ni ààrẹ Toronto Raptors ní 2018. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ó mú DeMar DeRozan, ọmọ tí ìlú fẹ́ràn jù, tó ti lo sáà mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wọn, ó gbé e fún San Antonio, ó gba Kawhi Leonard. Toronto gbiná. DeRozan fúnra rẹ̀ ní ohun tí wọ́n sọ fún òun kọ́ ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní Ujiri ò láàánú. Oṣù kẹfà 2019 dé, Toronto gba ife ẹ̀yẹ NBA, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń bú Ujiri, àwọn náà ló jó yí ìlú ká. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Leonard kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Clippers. Ife ẹ̀yẹ ò kúrò nílẹ̀.

Ẹ ó ní kí ni ìyàtọ̀? Ẹ ó ní ọ̀kan borí ni, èkejì ò borí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà. Ujiri jáde, ó sọ fún gbogbo ayé pé ohun tí òun àti DeRozan sọ kò yé ara àwọn dáadáa, ó sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ pé ọmọ náà ò dáa. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Bí o bá máa ta ọmọ ọlọ́mọ, má tún tàbùkù ẹ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó, tí wọ́n bí ní 1963. Houston, ní Texas kan náà yìí, ló yàn án ṣe ẹni àkọ́kọ́ ní 1984. Ní 1992, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Tíìmù ní ó ń díbọ́n pé ara òun ò yá, Hakeem bínú, ó ní kí wọ́n tà òun síbòmíràn. Ó kù díẹ̀ kí ó lọ lóòótọ́. Wọn ò tà á. Nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé tíìmù lọ sí Japan, òun àti olówó tíìmù sọ ọ́ lójú ara wọn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kí ló tẹ̀ lé e? Ife ẹ̀yẹ 1994. Ife ẹ̀yẹ 1995. Méjèèjì, Hakeem ló ṣáájú wọn gbà á. Ó lo sáà 17 níbẹ̀ kó tó lọ sí Toronto ní 2001, èyí tí òun náà fọwọ́ sí, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, Houston ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà 34 mọ́. Ẹ ò rí i? Ìjókòó sọ̀rọ̀ ló gba ife ẹ̀yẹ méjì yẹn là.

Ní báyìí, ẹ̀yin sọ́pọ́tà, ó kàn yín. Ẹ má wo ojú mi. Ní oṣù keje 2010, LeBron James jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ń fi Cleveland sílẹ̀ lọ sí Miami. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ti parí o, kò ja ẹnikẹ́ni lólè. Kí ni àwọn ará Cleveland ṣe? Wọ́n dáná sun jẹ́sì rẹ̀ ní gbangba. Olówó tíìmù kọ lẹ́tà èébú. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ó padà wálé, ní 2016 ó gba ife ẹ̀yẹ fún wọn, ọ̀dàlẹ̀ àná di ọmọ ọba.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ta eléré, wọ́n ní òwò ni. Bí eléré bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ìwọ̀n méjì nínú ọjà kan! Bó bá jẹ́ òwò, kó jẹ́ òwò fún tọ̀tún tòsì. Bó bá sì jẹ́ ìfẹ́ àti ìṣòótọ́ là ń sọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá náà ṣòótọ́ kó tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ta ló wá ni tíìmù? Lójú ìwé, olówó ló ni ín. Ní ìparí 2023, Mark Cuban ta èyí tó pọ̀ jù nínú Dallas fún àwọn Adelson àti Dumont, kò bi sọ́pọ́tà kankan, òfin sì fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n kí ni olówó rà níbẹ̀? Ṣé bẹ́ǹṣì ni? Ṣé àwọ̀n ni? Ariwo èrò ló rà. Ìfẹ́ tí bàbá fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ló rà. Ọjọ́ tí èrò bá pa ẹnu dé, tí wọ́n jókòó sílé, òfìfo ilé ló kù sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, sọ́pọ́tà ò ni tíìmù, ṣùgbọ́n ohun tó mú tíìmù níye lórí, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn ará Dallas ò dákẹ́, ó gba oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀gá sì lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà fún àwọn tó kù lórí àga nìyẹn: ẹ lè tà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ tà.

Kí n tó lọ. Ọmọ kékeré tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní jẹ́sì Luka kan tó máa ń wọ̀ sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn jáde, ó bi bàbá rẹ̀ pé, “Dádì, ṣé kì í ṣe èèyàn wa mọ́?” Bàbá bínú, ó fẹ́ ju jẹ́sì náà sínú ìdọ̀tí. Mo ní, “Má dán an wò. Aṣọ ò ṣẹ̀ ọ́, ọmọ ò ṣẹ̀ ọ́. Ohun tí ọmọ yẹn fi ojú ara rẹ̀ rí, kò sí máníjà tó lè fi í ṣe pàṣípààrọ̀.” Wọ́n sọ fún mi pé ọmọ náà ṣì ń wọ̀ ọ́ sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá rẹ̀ ti ń fún un.

Èmi ti sọ tèmi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tó bá rò pé Harrison ò jẹ̀bi, kó mú gègé, kó kọ̀wé. Ẹni tó bá sì ti sun jẹ́sì eléré rí, òun náà kó kọ̀wé, kó sọ fún wa bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn tí iná kú. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má tà wá lóru.